Ikọ́ Méjì Láàárọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ògúnjìmí ti gbá àgbàlá náà tán, ó sì tún ti ń gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbá a dé ẹnu géètì, ó wo títì, ó padà. Òní ni àwọn àgbà ń bọ̀ láti abúlé tó ni igbó erin, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá.

Abúlé náà jìnnà sí Amuwo-Odofin. Àwọn ará ibẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ baba wọn fún àwọn tó ń dáàbò bo erin, àwọn náà ni wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ọ. Wọn kì í so erin mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í gùn ún, àlejò kì í sún mọ́ ọn. Wọ́n tún ní àṣà kan: ohun ẹlẹ́mìí kan ò gbọdọ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ wọn, àfi bí àwọn àgbà bá kọ́kọ́ lọ wò ó níbi tó wà. Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí nìyẹn.

Ọmọdé ni Bímpé nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà nítòsí Raji Rasaki Estate, Ògúnjìmí ni wọ́n sì fa erin náà lé lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló dàgbà sí. Nígbà tó yá, ọlọ́gbà kú, èrò ò wá mọ́, àwọn ọmọ olóògbé sì ní àwọn fẹ́ ta ilẹ̀. Igbó yẹn nìkan ló kù. Bí wọn ò bá gbà, Ògúnjìmí ò mọ ohun tí òun máa ṣe.

"Bàbá, ẹ jókòó ná," Folúkẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ. "Tíì yín ti tutù."

"Mo ń bọ̀."

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ó kọjá lọ sídìí ọpọ́n omi oníkọnkéré. Ọpọ́n náà gbẹ táútáú, alángbá kan sì ń sá kiri nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì ń rà fún Bímpé ti dúdú lórí ìṣó.

"Ṣé kí n pọn omi sí i?" Folúkẹ́ béèrè. "Kí wọ́n má lọ rò pé a ò tọ́jú ibí."

"Fi í sílẹ̀. Kí wọ́n bá a bó ṣe wà."

Ẹ̀wọ̀n wà nídìí igi máńgòrò, koríko ti hù bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ fà á tu, ó tún dáwọ́ dúró, ó padà sẹ́nu géètì.

Mikail, tó ń ta ọjà níta, kí i. "Bàbá, ṣé òní náà ni?"

"Òní ni."

"Tí wọ́n bá gbà, ibí máa dá gan-an o. Ọlọ́run á ṣe é ní rere sha."

Nígbà tí oòrùn mú, kẹ̀kẹ́ kan já àwọn àlejò sílẹ̀ láti Mile 2. Ìyá Yíwọlá, àgbà obìnrin abúlé, ló ṣáájú. Kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abdulmumin, olórí àwọn àgbẹ̀, tẹ̀ lé e. Ojú tiẹ̀ le.

"Ẹ ti rù o, Ògúnjìmí," Ìyá Yíwọlá sọ.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti àná ti fò lọ lórí rẹ̀.

Folúkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé omi tutù fún wọn. Ìyá Yíwọlá ò tíì mu ún.

"Irin ìkọ́ tẹ́ ẹ fi ń darí ẹ̀ dà?"

Ògúnjìmí nawọ́ sí ilẹ̀kùn ṣálángá. Irin náà ni wọ́n fi ń tì í. Ìyá Yíwọlá lọ síbẹ̀, ó ṣí i, ó tún tì í.

"Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ nìyí," ó ní.

Abdulmumin ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ rìn dé géètì, kí n wò yín."

Inú bí Folúkẹ́ pé wọ́n ń darí bàbá òun kiri bí ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ó panu mọ́. Bàbá rìn lọ, ó tiro bọ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì yẹn ńkọ́?"

"Bímpé ló tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo dúró síbi tí kò yẹ."

"Kí lẹ wá fi ṣe Bímpé?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe é? Mo jókòó sílẹ̀. Òun náà dúró tì mí títí wọ́n fi wá gbé mi."

Abdulmumin yíjú sí Folúkẹ́. "Ìwọ ńkọ́? Ṣó o fara mọ́ ọn?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò gbà, mi ò mọ bí Bàbá á ṣe ṣe é. Wọn ò kí ń jókòó mọ́. Oúnjẹ gan-an, tipátipá ni."

Ìyá Yíwọlá wá fìdí kalẹ̀, ó mu omi rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Òkèèrè ni gbogbo wa ti ń wò ó."

"Òkèèrè tó mi, Ìyá. Kí n ṣáà máa rí i."

"Ó ku ẹyọ kan. Kí lẹ máa ń sọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é láàárọ̀?"

Ojú ti Ògúnjìmí díẹ̀. "Mi ò kí ń sọ nǹkan kan. Mo kàn máa ń húkọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì." Ó sì húkọ́ náà kí wọ́n gbọ́.

Abdulmumin wo Ìyá Yíwọlá. Ojú rẹ̀ tó ti le látàárọ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Folúkẹ́," Ìyá Yíwọlá sọ, "lọ bá bàbá ẹ kó ẹrù wọn. Má gbàgbé aṣọ òtútù."

Láti ìgbà òjò tó kọjá ni Bímpé ti ń gbé inú igbó náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti húkọ́ lábúlé, á fi àwọn erin yòókù sílẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò bóyá Ògúnjìmí ni.