Alfa Ìràwọ̀ ti Adéwọlé

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Abdulqudus ń fi owó wọn ra ilẹ̀. Òun fi tirẹ̀ ra kámẹ́rà ńlá tó fi ń ya ìràwọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní àdúgbò Adéwọlé, bí ẹni pé ìràwọ̀ ló bẹ̀ ẹ́ ní fótò. Bí iná bá lọ, tí ojú ọ̀run ṣú dùdù, fótò rẹ̀ á dára gan-an.

Orí rẹ̀ kúkú bá a ṣe é. Bó bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, iná á ti lọ. Láàárọ̀, bó bá jáde nílé tán ni iná á dé.

"Iná yìí ò tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ rárá," ni Ìyá Zahrah, eléja tútù tó múlé tì í, máa ń sọ. Àánú rẹ̀ a máa ṣe é.

Abdulqudus náà láàánú. Ó máa ń ta á lólobó: "Ìyá, ẹ tètè ta ẹja yín lónìí o. Iná ò ní dúró." Kò ṣì í rí. Lásìkò òṣùpá, á ní kó fọkàn balẹ̀, iná á sì wà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí ni Ìyá Zahrah tún fẹ́ wádìí? Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ó mọ̀ pé àwọn alfa kan ń wo ìràwọ̀. Eléyìí kàn fi kámẹ́rà kún tirẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń kí Alfa Ìràwọ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Àwọn télọ̀ ń wá bi í ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ aṣọ. Ta ló máa bi irú alfa bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe?

Nígbà tí yìgì Zahrah ku ọ̀la, firísà ìyá rẹ̀ kún dẹ́nu fún ẹja àlejò. Gbogbo owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó sáré bá Abdulqudus lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀.

"Alfa, ẹ dákun, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Kí iná ṣáà dúró lálẹ́ òní nìkan."

Abdulqudus gbójú sókè. Oòrùn ń ràn yòò.

"Ìràwọ̀ onírù kan máa yọ lálẹ́ òní," ló ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Ìyá, iná ò ní dúró. Ẹ yáa máa dín in."

Wàláhì, iná lọ. Ìyá Zahrah ń dín ẹja, ó ń sunkún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdajì ti ń rùn. Síbẹ̀ ó bu èyí tó dára sínú abọ́ lọ fún Alfa.

"Àlùbáríkà yín ló kó mi yọ. Ká ní ẹ ò kìlọ̀ fún mi ni, gbogbo rẹ̀ ni ì bá bàjẹ́."

"Ọlọ́run lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá."

Fótò ìràwọ̀ onírù náà dára lọ́pọ̀lọpọ̀.

Abdulqudus di ẹja díndín náà mọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gba ilé-iṣẹ́ mànàmáná lọ, ó sì tan súìṣì Adéwọlé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa lánàá.