Odi Tí Ṣíwọlá Mọ ní Woodbridge

Ìwà kan ṣoṣo ló ba Ṣíwọlá jẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè, ṣùgbọ́n kò lè gbà kí ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀. Láti Ìbàdàn ló ti ń hu ìwà náà bọ̀, ó sì gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Toronto.

Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Nígbà tó dé Kánádà, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton ló gbà á síṣẹ́. Ó ń gbé páálí láàárọ̀, ó ń gbé e nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Woodbridge pè é. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n fi igi àti fóòmù ṣe àwọn ilé àtijọ́ ní kékeré, kí aráyé lè wò wọ́n.

Róósà, ìyá ará Ítálì tó ni ibẹ̀, sọ fún un pé, "Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá dára, o ti di tiwa nìyẹn. Bí kò bá dára, wàá padà síbi tí o ti wá." Ṣíwọlá pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní gbé páálí mọ́ láé.

Àwọn àgbàlagbà ará Ítálì tó wà ládùúgbò ló gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà wá. Wọ́n fẹ́ rí odi ìlú tí wọ́n ti wá, èyí tí wọ́n mọ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Láyé ìgbà náà, ìbọn àgbá ti lágbára débi pé ó ń wó ògiri gíga lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn mọlémọlé Ítálì wá rẹ odi wọn sílẹ̀, wọ́n fi erùpẹ̀ kún inú rẹ̀ kó lè nípọn, wọ́n wa yàrà yí i ká, wọ́n sì yọ imú ṣóńṣó jáde ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dúró lórí imú kan kò lè rí ẹsẹ̀ ògiri tó dúró lé. Ẹni tó wà lórí imú kejì ló ń bá a ṣọ́ ọ, òun náà sì ń bá ẹnì kejì ṣọ́ tirẹ̀.

Àwòrán odi náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti gbó, ibi ṣóńṣó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ṣíwọlá wò ó fìrí, ó ní ilé ìṣọ́ róbótó ni. Irú rẹ̀ ló kúkú mọ̀ jù. Ó gé e róbótó, ó kùn ún, ó ń dán.

Ìdíátù, ọmọ Ìwó tí ń gé igi níbẹ̀, fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i. Ní ọjọ́ kan, ó fa òwú pupa láti orí ilé ìṣọ́ kan lọ sí ìkejì, kó lè mọ ibi tí ojú ẹni tó ń ṣọ́nà lè dé.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Òwú yìí ò débi iwájú ilé ìṣọ́ o. Ọ̀tá lè jókòó síbẹ̀ jẹun, kó tún sùn lé e."

"Ọ̀tá wo? Nínú fóòmù?"

Ìdíátù rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, sà. Ó jọ pé ṣóńṣó ló yẹ kó rí. Ẹ jẹ́ ká bi Màmá Róósà."

Ojú Ṣíwọlá yí padà. "Nígbà tí mo ń kọ́ wọn níwèé n'Íbàdàn, kíláàsì wo lo wà? Má dójú tì mí níwájú òyìnbó. Pa á mọ́ra. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Síbẹ̀, ara Ìdíátù kò gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá. "Bọ̀dá, imú márùn-ún péré ni. Mo lè wá gé e ní Sátidé, èmi nìkan. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Lọ sinmi nílé ọkọ rẹ."

Nígbà tí Róósà fúnra rẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ gbogbo igun wò, Ṣíwọlá yára dáhùn pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdíátù wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ni pé àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n nírọ́ lójú àlejò.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi odi náà han aráyé pé. Yìnyín bo ìta, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kún. Ìyá arúgbó ará Ítálì kan fi ọ̀pá tilẹ̀ dé iwájú odi náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Kì í ṣe odi wa nìyí," ló wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń ṣeré bojúbojú lẹ́sẹ̀ odi wa. Kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí tí ẹni tó wà lókè ò ní rí i. Wo ibí yìí! Odindi ewúrẹ́ lè sá pamọ́ síbẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣíwọlá ní àwòrán ló ti gbó. Ṣùgbọ́n Róósà ti rí òwú pupa kan tí gọ́ọ̀mù mú mọ́ orí ilé ìṣọ́.

"Ta ló fa òwú yìí?"

Ìdíátù wo ojú Ṣíwọlá ná. Lẹ́yìn náà ló gbórí sókè. "Èmi ni, mà. Mo rí i láti oṣù tó kọjá, mo sì sọ fún Bọ̀dá."

Ní ọjọ́ Ajé, Róósà pe Ṣíwọlá. "Mo lè fara da àṣìṣe," ó ní. "Pé ẹnì kan rí àṣìṣe, o sì pa á lẹ́nu mọ́, ìyẹn ni mi ò lè fara dà." Ìdíátù ni wọ́n fi odi náà lé lọ́wọ́ láti tún un ṣe.

Ṣíwọlá wọ bọ́ọ̀sì padà sí Brampton. Tèmidire, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ni ọ̀gá tó bá níbẹ̀. Kò tíì pé wákàtí kan tó fi pè é.

"Bọ̀dá, páálí yẹn dorí kodò o."

Ṣíwọlá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ó rántí òwú pupa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yí páálí náà padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó mọ odi tí àwọn igun rẹ̀ kò lè ṣọ́ ara wọn ti la ọ̀nà fún ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ gan-an lèèyàn rí. Ibì kan wà lára wa tí ojú tiwa kò lè dé, ẹlòmíràn ló lè bá wa ṣọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ ọmọ àná ni. Ọ̀wọ̀ tí ọmọdé ń fún wa dára, ẹ má fi dí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọdé náà, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.