Ẹni Tí Paul Rí Lọ́jà Ẹja Pusan

Dúró ná, ìwọ tí ò ń kàwé yìí. Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o fi etí inú gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Houston lọ́dún 1987, nílé opó kan tí gbogbo ìjọ ń gbàdúrà fún.

Ọmọ́yẹni lorúkọ opó náà. Ọkọ rẹ̀, Cornelius, jẹ́ ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun. Ọdún kejì rèé tí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ létí Pusan, ìlú etíkun kan ní Kòríà. Wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tẹ́ sínú pósí, òun ni wọ́n sin. Nígbà tí àwọn oní-inṣọ́ránsì san ẹ̀tọ́ rẹ̀, Ọmọ́yẹni kó kúrò ní apartment wọn ní Pasadena, òun àti Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀, ó ra ilé sí Stafford; ẹ̀bá Houston ni ìlú méjèèjì. Kì í sunkún. Àwọn ará ìjọ ní ẹkún rẹ̀ ti gbẹ ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó se ìrẹsì fún àwọn àlejò. Màmá Mákánjúọlá, ìyá ìjọ, wà níbẹ̀. Olúdọ̀tun, àbúrò Cornelius, wà níbẹ̀. Paul náà wá, ọmọ ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó epo. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ wọn ti Kòríà dé sí èbúté Baytown.

Paul ò lè pa ẹnu mọ́. "Ẹ̀yin ará, ọjà ẹja Pusan yẹn! Àwọn ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹja ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú abọ́ níwájú wọn. Èyí tó lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí wọ́n bá gé e tán, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ṣì máa rìn nínú àwo."

"O sì jẹ ẹ́?" Màmá Mákánjúọlá bi í.

"Màmá, mo jẹ ẹ́. Ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rìgì. Mo ní, 'Ní orúkọ Jésù!' Ìgbà yẹn ló tó tú mi sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti ẹja lílọ̀ tí wọ́n ń gún mọ́ igi, tí wọ́n ń bọ̀ sínú omi ọbẹ̀ gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sọ ti àkàrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń rọ ṣúgà sí nínú. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Sístà Ọmọ́yẹni, ẹ forí jì mí. Ìdí àkàrà yẹn ni mo wà. Ẹni tó wà níwájú mi, Bọ̀ọ̀dá Cornelius ni."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Olúdọ̀tun.

"Mo pe orúkọ wọn. Wọ́n wẹ̀yìn, ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n ju àkàrà ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wọ àárín èrò. Mi ò rí wọn mọ́."

Ọmọ́yẹni kò pariwo. Ó bu ìrẹsì kún ti Paul.

"Ṣé wọ́n rù?"

"Rárá o. Ara wọn ń dán."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan ni. Ẹni tí mo bá sọ fún nínú ọkọ̀ á ní mo ti mutí."

Olúdọ̀tun ti dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè! Bóyá wọ́n forí gbá nǹkan ni, tí wọn ò rántí ilé mọ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, mo máa pe ẹ́ḿbásì. Mo máa pe àwọn ọlọ́kọ̀ tó gbà wọ́n síṣẹ́."

"Jókòó, Dọ̀tun," Màmá Mákánjúọlá wí. "Ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ tó sá, ṣé alààyè nìyẹn? Àkúdàáyà ni. Ikú pa á láìtọ́jọ́, ló bá lọ ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bí ojúlùmọ̀ bá ti rí irú wọn, wọ́n á ṣí lọ ni."

"Màmá, kò sí nínú Bíbélì. Lásárù kú, ó sì jáde wá."

"Ṣé Lásárù sá fún Màtá?"

Olúdọ̀tun kọjú sí Ọmọ́yẹni, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìyá Bùkọ́lá, ẹ̀yin lẹ lọ́kọ. Ohun tẹ́ ẹ bá wí la máa ṣe."

Ọmọ́yẹni mú ṣíbí tó bọ́ nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun, mo ti sin wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ n sin wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni."

Olúdọ̀tun fọwọ́ bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Màmá Mákánjúọlá gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ìsinmi fún òkú, kí ó sì fún opó lókun. Olúdọ̀tun ló ṣe Àmín kẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ tán, Ọmọ́yẹni fọ àwo. Ó bẹ Màmá kí wọ́n bá òun wo Bùkọ́lá, òun fẹ́ ra mílíìkì. Ó kọjá lára fóònù ara ògiri kíṣìnì, ó wọ mọ́tò. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù méjì tó ń ta mílíìkì, ó dúró sí ilé epo kan létí freeway, níbi tí fóònù gbogbo èèyàn wà. Ilẹ̀ ti ń mọ́ ní Kòríà nígbà yẹn. Ó da kọ́ìnì sí i, ó tẹ nọ́ńbà gígùn kan láìwo ìwé, ó dúró títí ẹnì kan fi gbé e.

"Bàbá Bùkọ́lá," ó wí, "ẹ kẹ́rù yín kúrò ní Pusan lónìí, Paul rí yín lọ́jà, ṣùgbọ́n mo ti bẹ àbúrò yín, ó sì ti gbà pé òkú ni yín."

Ìwọ tí o kà á dé ibí, bí irú òkú bẹ́ẹ̀ bá wà nílé tìrẹ, mo bẹ̀ ọ́, jí i dìde lónìí.