Igi Tó Há Sórí Igi

"Dárasími, má gba abẹ́ igi yẹn!" ni agégedú ń pariwo. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò wó délẹ̀, ó há sórí ìrókò. Katakata tí yóò fi okùn fà á wálẹ̀ ṣì wà ní Odẹ́dá, igi náà sì ti ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbé kúlà oúnjẹ mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ṣé igi ló máa yà wá?" Ó ṣáà ń bọ̀.

"Mo ti fẹ́ ẹlòmíì sí Owódé!"

Ó dúró gbagidi. Kúlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú padà, ó sáré lọ.

Igi wó lulẹ̀ gbì, ó rún kúlà náà wómúwómú.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ yẹn mà gba ìyàwó yín là o!" ni Ògúndípẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ wí.

Agégedú ń wo ọ̀nà tí ìyàwó rẹ̀ sá gbà.

"Irọ́ wo?"