Olùkọ́ Lọ Dirí

"Ẹ tẹrí ba díẹ̀ sí i, àǹtí mi."

Olùkọ́ tẹrí ba, ó dijú, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé e wá sílùú yìí: láàárọ̀ ọ̀la, òun ló máa kọ́ àwọn onídìrí ibẹ̀ ní àrà tuntun. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ ni ọ̀sán òní. Òun tó ń dirí fáyé, ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti fọwọ́ pẹ̀lẹ́ kan orí tiẹ̀. Ló bá yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, ó sì pinnu pé òun ò ní sọ iṣẹ́ òun, kí wọ́n má baà sọ ìgbádùn òun di kíláàsì.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, àǹtí?"

"Aṣọ ni mò ń tà."

"Tiyín dáa. Olùkọ́ kan ló ń bọ̀ wá dà wá láàmú lọ́la. Wọ́n ní ó le koko bí ojú ẹja."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Olùkọ́ yára wúkọ́. "Mo ní, pẹ̀lẹ́ o."

"Wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín rárá."

Ni olùkọ́ bá fipá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí onídìrí ṣe tán, ó gbé dígí fún un. Olùkọ́ wá àléébù títí, kò rí.

"O káre," ló sọ.

"Ẹ rántí sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la o, olùkọ́ wa."

"Olùkọ́ báwo? Mo ní aṣọ ni mò ń tà."

Onídìrí kàn fi ìyàrí tọ́ka sí aṣọ ìnura tó tẹ́ lé itan rẹ̀. Gbogbo okùn wẹ́wẹ́ etí aṣọ náà pátá ló ti wà ní dídì bí irun, wọ́n gún régé, ìka olùkọ́ sì wà lára èyí tó kẹ́yìn.