Ìkòkò Mẹ́ta Tí Màmá Yàn

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n kó kúrò nílé, Màmá Elkanah mú Kúnbi ìyàwó ọmọ rẹ̀ dání lọ sí Ojota láti ra ìkòkò tí wọ́n ń gbin nǹkan sí.

Ọ̀rọ̀ náà ò yé Kúnbi. Láti oṣù tó kọjá ni ọ̀dà pupa ti wà lára ògiri ilé wọn ní Ketu. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba ń là lọ sí Ìbàdàn ni yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Gbogbo àdúgbò ló ń di ẹrù. Ta ló ń ra ìkòkò amọ̀ nígbà tó ń palẹ̀ mọ́?

"Kí lẹ fẹ́ gbìn, Ìyá?" Karimot oníkòkò béèrè.

"Rínrín, odúndún, pèrègún. Mẹ́ta ni."

Kúnbi yíjú wò ó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ mọ́ ẹ̀ṣọ́ ilé; ewé ètùtù ni gbogbo wọn.

Karimot gbé ìkòkò ràgàjì kan síwájú. Màmá mi orí.

"Fún rínrín? Ó ti tóbi jù fún òun. Omi á dúró sí i lábẹ́, gbòǹgbò á jẹrà."

Ó mú kékeré kan, ó fi ìka kàn án lára, ó tẹ́tí. Ohùn rẹ̀ ò jáde. Ó ní ó ti sán, ó gbé e padà. Òmíràn tó mú dún gooro, ó sì gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Garawa ńkọ́?" Karimot ní. "Ìyẹn ò ní fọ́ lọ́nà."

"Páànù máa ń gbóná lóòrùn. Amọ̀ ni mo fẹ́. Amọ̀ máa ń mí."

Nígbà tó kan ti pèrègún, Karimot mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá. Màmá wò ó títí. "Èyí á há a mọ́. Òun ti ga díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ."

Karimot fi ìṣó lu ihò sí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Kúnbi bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìkòkò kékeré. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Má fọwọ́ kàn án o, Ìyàwó. Pẹ̀lú oyún nínú?"

Oyún kẹrin nìyẹn. Ó ti pé oṣù méje, kò sì tíì sí ọmọ kan tó ń pe Kúnbi ní ìyá. Àwọn mẹ́ta tó ti bí ti kú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Elkanah ọkọ rẹ̀ ń wa lọ́rì lọ sí Kánò, Kúnbi àti Màmá nìkan ló máa ń kù nílé. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ti kìlọ̀ fún un pé ìyá ọkọ tí kì í sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni à ń sùn tì. Kò gbà wọ́n gbọ́ nígbà yẹn.

Ní Ọjọ́rú, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Màmá kúnlẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ilẹ̀. Ó ń bu erùpẹ̀ sórí aṣọ funfun.

"Ẹ má bínú," ó ń wí. "Ẹ dìde, ká máa lọ."

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọmọ sọ nínú Kúnbi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó rọra jókòó sílẹ̀ kí Màmá má bàa rí i. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún, ewé sì ti wà lórí wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Màmá.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ohun tí kò kan aboyún ni. Lọ jẹun."

Kò jẹun. Láti ọjọ́ náà, kò fẹnu kan ohunkóhun tí Màmá bá sè, ó sì ń fi àpótí ti ilẹ̀kùn kó tó sùn.

Elkanah dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kúnbi fà á sínú yàrá.

"Ẹ gbà mí, ọkọ mi. Màmá fẹ́ ṣe nǹkan fún ọmọ yìí. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n gbìn."

Elkanah lọ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ẹnu ìkòkò kékeré. Ó pẹ́ kó tó nàró, nígbà tó sì máa yíjú padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Fi Màmá sílẹ̀," ó ní. "Má bi mí ní nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ni Kúnbi mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gba òun sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kó ẹrù sínú lọ́rì. Màmá ò gbà kí ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó ní iwájú ni wọ́n máa wà, lẹ́sẹ̀ òun. Katakata ti ń bú ramúramù níkòríta, ilé àkọ́kọ́ ti wó. Elkanah ń so okùn mọ́ ẹrù. Màmá gbé àwọn ìkòkò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, ó wọlé lọ mú ìborùn.

Kúnbi fa ọmọ odó yọ láàárín ẹrù. Ó gbé e sókè gangan lórí ìkòkò kékeré.

Màmá rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó sáré, ó ṣubú lé ìkòkò náà, ó fi àyà bò ó.

"Dákun, Ìyàwó, má fọ́ ọ, Ṣọládé ẹ tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án péré láyé ló wà nínú èyí, àwọn àbúrò ẹ̀ ló wà nínú méjì yòókù, mi ò sì lè fi àwọn ọmọ ẹ sílẹ̀ sábẹ́ katakata."