Kùkùté Kọfí

Bàbá oníkọfí ń sáré bọ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ katakata rò pé ó ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Ó juwọ́ padà, ó sì hú kùkùté tó gbẹ̀yìn nínú oko.

"Bàbá, wọ́n ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Tiyín ò mì o, ó hú ni!" ni awakọ̀ náà wí.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni," ni ọmọ rẹ̀ tó ti ìlú ńlá dé dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Nígbà tí mo rí i pé gbogbo kọfí yín ti di kùkùté, omijé bọ́ lójú mi. Mo ní láti ìgbà tí Màámi ti kú, agbára yín ò ká oko mọ́. Ẹ wá sinmi, Bàbá."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gé àwọn igi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ gbìn, bí oníkọfí ti í gé igi tó bá darúgbó, kí ó lè rú lọ́tun.

"Ẹ ò tilẹ̀ yìn mí!" ni ọmọ náà wí.

Bàbá wo ilẹ̀. Ọ̀mùnú tútù méjì ti yọ lára kùkùté kan tí wọ́n hú sítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rọra fi bàtà bò wọ́n.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí.